Ẹ Má Ṣe Kọ́ Ọmọ Wa Láti Kọ Ohun Tí Kò Gbà Gbọ́ Sínú Ìwé Ìdánwò

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìwé ìròyìn yìí, tí ẹ kò jẹ́ kí èdè wa di ohun ìgbàgbé. Ọ̀rọ̀ kan ni ó gbé mi dé iwájú yín, mo sì bẹ̀bẹ̀ pé kí ẹ fún mi ní àyè díẹ̀, nítorí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a lè sọ tán ní gbólóhùn méjì.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tí ó kọjá, bí a ti jáde nínú ìsìn òwúrọ̀, ìyá kan nínú ìjọ wa fà mí sí abẹ́ igi fúrúntù tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ṣe dáadáa nínú ìdánwò JAMB, báyọ́lọ́jì ni ó sì fẹ́ lọ kọ́ ní ọ̀kan nínú àwọn yunifásítì tí ìjọ Kristẹni dá sílẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá níbí. Ìyá náà wò mí lójú, ó ní, “Ẹ̀yin ni ẹ kọ́ ọ ní báyọ́lọ́jì ní sẹ́kọ́ńdìrì, ẹ̀yin náà ni ẹ ń kọ́ ọ ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi. Ẹ jọ̀wọ́, Tíṣà, ẹ má fi bò fún mi: ṣé ìgbàgbọ́ ọmọ mi kò ní sọnù síbẹ̀?” Mo sọ fún un pé kò ní sọnù. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé, ọkàn mi kò balẹ̀, nítorí mo mọ̀ pé ìgbàgbọ́ tèmi fẹ́rẹ̀ẹ́ sọnù sí irú ibẹ̀ gan-an, mo sì mọ̀ pé kì í ṣe báyọ́lọ́jì ni ó fẹ́ gbé e lọ.

Irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ni mo ti gboyè. N kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí ẹ̀dùn ọkàn tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe ti ilé-ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo, mo sì jẹ àwọn kan tí ó kọ́ mi níbẹ̀ ní gbèsè ọpẹ́ tí n kò lè san tán. Láti ọdún 1999 tí ìjọba àpapọ̀ ti fọwọ́ sí Babcock ní Ìlíṣàn-Rẹ́mọ ni àwọn ìjọ ti ń dá yunifásítì sílẹ̀ káàkiri ilẹ̀ wa. Àwọn Onítẹ̀bọmi dá Bowen sílẹ̀ ní Ìwó ní 2001, Covenant dé ní Ọ̀tà ní 2002, nígbà tí ó sì di 2005, àwọn Áńgílíkà ti ní Ajayi Crowther ní Ọ̀yọ́, ìjọ Rìdíìmù náà sì ti ní Redeemer’s tí ó wà ní Ẹdẹ lónìí. Àwọn òbí ń ta ilẹ̀, wọ́n ń dá èésú, kí ọmọ wọn lè wọ ọ̀kan nínú wọn, nítorí wọ́n gbọ́ pé kò sí ìdaṣẹ́sílẹ̀ níbẹ̀, kò sí ẹgbẹ́ òkùnkùn, àti pé ọmọ yóò máa lọ sí chápẹ́lì. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n yàtọ̀ sí ìyá yìí, n kò tíì rí òbí tí ó béèrè ohun tí ẹ̀kọ́ inú kíláàsì ń ṣe sí ọkàn ọmọ níbẹ̀.

Ọdún kejì mi ni ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀. A dé orí ẹ̀kọ́ ẹfolúṣọ̀n, èyí tí ó ní pé àwọn ohun ẹlẹ́mìí ń yí padà díẹ̀díẹ̀ láti ìran dé ìran, àti pé gbogbo wọn bára wọn tan láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ wá. Olùkọ́ wa kọ àkọlé náà sójú pátákó, ó yíjú sí wa, ó sì wí pé, “Ẹ há a sórí, ẹ dà á sílẹ̀ fún wọn nínú ìdánwò, kí ẹ sì gbàgbé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà bí ẹ bá ti ń jáde. Irọ́ ni.” Gbogbo kíláàsì hó, “Àmín!” Èmi náà ṣe Àmín, ohùn mi sì ròkè. Ó pín ìwé ojú-ewé mẹ́fà fún wa, a há a, a dà á sílẹ̀, máàkì tí mo gbà sì pọ̀ gan-an.

Ní ọ̀sẹ̀ tí èsì ìdánwò náà jáde, ẹni tí ó wàásù ní chápẹ́lì ka ibi tí Olúwa wa ti ní kí ọ̀rọ̀ wa jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ kọ́, bẹ́ẹ̀ kọ́. Mo jókòó sí ìlà kẹta láti ẹ̀yìn, ojú sì ń tì mí. Bí ohun tí mo kọ sínú ìwé ìdánwò bá jẹ́ irọ́, a jẹ́ pé mo ti fi nọ́ńbà ìdánwò mi sórí irọ́ nítorí máàkì. Bí ó bá sì jẹ́ òtítọ́, a jẹ́ pé mo ti ṣe Àmín sí ẹni tí ó ń gan òtítọ́. Èyí tí ó wù kí ó jẹ́, mo ti purọ́, olùkọ́ mi ni ó sì kọ́ mi, ó sì dá mi lójú pé ó rò pé òun ń gbèjà Ọlọ́run ni. Láti ọjọ́ náà ni àdúrà ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ lẹ́nu mi. Àwọn àgbà ìjọ a máa sọ pé Darwin, onímọ̀ tí ó gbé ẹ̀kọ́ ẹfolúṣọ̀n jáde, ni ó ń gba àwọn ọmọ wa lọ. Èmi tí mo wà níbẹ̀ ń jẹ́rìí pé ẹnu méjì ni ó fẹ́ gbà mí lọ.

Ohun tí ó fà mí padà, inú láàbù ni ó ti wá. Bàbá àgbàlagbà kan wà ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ wa, díákónì ni nínú ìjọ rẹ̀, tí kì í bẹ̀rẹ̀ práktíkà láìgbàdúrà. Àdúrà náà kì í gùn. Yóò kàn ní, “Olúwa, là wá lójú kí a rí ohun tí O ṣe,” kí ó tó ní kí a tan máíkírósíkóòpù. Ní ọjọ́ kan, ó gbé ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ti tẹ́ sórí gíláàsì pẹlẹbẹ, tí wọ́n sì ti pa láró, wá fún wa. Mo fi ojú sí i, mo yí i síwá sẹ́yìn títí àwòrán rẹ̀ fi dúró. Mo rí àwọn sẹ́ẹ̀lì pupa tí wọ́n rí roboto bí àkàrà tí a fi àtàǹpàkò tẹ̀ láàárín, bí ìwé ṣe kọ́ wa pé wọ́n máa rí. Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn wà láàárín wọn tí wọ́n tẹ̀ kọdọrọ, tí orí àti ìdí wọn mú ṣóńṣó, bí dòjé tí a fi ń gé koríko. Bàbá ní, “Ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde nìyẹn. SS ni.”

N kò lè gbé ojú kúrò níbẹ̀. Ó dà bí ẹni pé àbúrò mi obìnrin ni mo ń wò. Ọmọ ọdún 11 ni nígbà tí ó kú, ní àsìkò ọyẹ́. Bí òtútù bá ti dé, egungun rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, yóò máa ké títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, ìyá wa yóò sì máa ti aṣọ ìnura bọ omi gbígbóná, yóò fún un, yóò fi lé e lórúnkún. Títí di òní, bí mo bá gbọ́ ìró omi tí wọ́n ń fún kúrò lára aṣọ lóru, oorun mi tán nìyẹn. Àwọn ará àdúgbò ní àbíkú ni. Ilé àdúrà kan tí wọ́n gbé e lọ ní ọwọ́ ayé ni, wọ́n sì na ìka sí ìyá bàbá wa pé àwọn ni wọ́n ń jẹ ọmọ náà. Láti ọjọ́ yẹn, ìyá mi kò jẹ oúnjẹ ọwọ́ wọn mọ́, àwa ọmọ sì ń sá fún àga tí wọ́n bá jókòó lé. Màmá àgbà gbé ẹ̀sùn náà wọ sàréè.

Bàbá olùkọ́ ṣàlàyé sójú pátákó pé lẹ́tà kan ṣoṣo ni ó yí padà nínú àkọsílẹ̀ DNA tí ara fi ń ṣe èròjà pupa inú ẹ̀jẹ̀. Lẹ́tà A di T, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n nígbà tí atẹ́gùn bá kéré nínú ẹ̀jẹ̀, èròjà náà yóò máa so mọ́ra, sẹ́ẹ̀lì yóò tẹ̀, yóò le, yóò sì há sínú òpó ẹ̀jẹ̀ tóóró. Ìyẹn ni ìrora orúnkún àbúrò mi. Bàbá mi gbé e, ìyá mi gbé e, AS ni àwọn méjèèjì, ẹyọ kan ni olúkúlùkù wọn ní, àbúrò mi sì gba méjì tí ó di SS, kò sì sí ẹni tí ó mọ̀. Màmá àgbà kò mọwọ́, wọn kò mẹsẹ̀. Mo sunkún lórí àga láàbù náà lójú gbogbo ènìyàn. Bí báyọ́lọ́jì kò bá tilẹ̀ ṣe ohun mìíràn fún mi láyé, ó gba ẹ̀sùn àjẹ́ kúrò lọ́rùn ìyá bàbá mi, iṣẹ́ ìhìnrere ni mo sì ka èyí sí.

Ṣùgbọ́n bàbá kò dúró síbẹ̀. Ó bi wá pé kí ló dé tí ohun tí ń pa ọmọdé fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ láàárín wa, tí nǹkan bí ẹnì kan nínú ọmọ Nàìjíríà mẹ́rin fi jẹ́ AS, nígbà tí ó ṣọ̀wọ́n láàárín àwọn tí ìran wọn wá láti ilẹ̀ olótùútù. Ó ní Anthony Allison, dókítà kan tí ó dàgbà ní Kẹ́ńyà, ni ó fi ìdáhùn hàn ní 1954: ibi tí ibà ti ń jà jù ni AS ti pọ̀ jù, nítorí ọmọ tí ó jẹ́ AS kì í sábà kú ikú ibà líle bí ọmọ tí ó jẹ́ AA, tí kò ní lẹ́tà tí ó yí padà náà rárá. Láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún ni ẹ̀fọn ti ń jẹ, tí ibà ń pa, tí àwọn tí ó ṣẹ́kù ń bímọ, tí lẹ́tà tí ó yí padà náà sì ń pọ̀ sí i láàárín wa. “Èyí wà lára ohun tí mo gbọ́ pé wọ́n ní kí ẹ gbàgbé lẹ́nu ọ̀nà,” ni bàbá wí. Ohùn rẹ̀ kò le. Ó hàn pé ọ̀rọ̀ náà ń dùn ún.

AS ni èmi. Ó ṣeé ṣe kí lẹ́tà kan yìí ti dá mi sí lọ́wọ́ ibà nígbà tí mo wà lọ́mọdé, òun kan náà, nígbà tí ó di méjì, ni ó sì pa àbúrò mi. Mo dúró títí gbogbo ènìyàn fi jáde, mo bi bàbá pé, “Sà, ṣé Ọlọ́run ni ó ṣe é báyìí?” Ó ń nu lẹ́ńsì lọ́wọ́, kò gbójú sókè. Ó ní, “Ọmọ mi, èmi náà ń bi Í. Lọ ka Jóòbù, kì í ṣe ìparí rẹ̀ nìkan o.”

Mo lọ kà á lórí bẹ́ẹ̀dì mi ní họ́sítẹ́lì, iná ti lọ, tọ́ọ̀ṣì fóònù ni mo fi ń kà á. Ní orí kẹtàlá, Jóòbù bi àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bóyá wọ́n fẹ́ máa fi ẹ̀tàn sọ̀rọ̀ nítorí Ọlọ́run. Mo ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Àwọn ọ̀rẹ́ yìí tí wọ́n ń gbèjà Ọlọ́run, tí wọ́n ń wá ẹ̀ṣẹ̀ ẹni tí àìsàn rẹ̀ ti wá, bí àwọn ilé àdúrà kan ti ń ṣe ní ìlú wa, àwọn gan-an ni ìbínú Rẹ̀ ru sí nígbẹ̀yìn. Nígbà tí Ọlọ́run fúnra Rẹ̀ sì dáhùn láti inú ìjì, ohun tí Ó bi Jóòbù ni pé ṣé ó mọ àkókò tí ewúrẹ́ orí àpáta ń bímọ, ṣé ọgbọ́n rẹ̀ ni àwòdì fi ń fò. Ìdáhùn tí mo ń wá kò sí níbẹ̀, síbẹ̀ ọkàn mi balẹ̀ pé a lè bi Í láìpurọ́ fún Un, mo sì gbàdúrà lóru ọjọ́ náà bí n kò ti gbà á láti ìgbà ìdánwò yẹn.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ìjọ wa jìnnà sí ẹ̀kọ́ yìí. Púpọ̀ nínú àwọn ṣọ́ọ̀ṣì wa lónìí kò ní so tọkọtaya pọ̀ bí wọn kò bá mú ìwé jẹnotáìpù wá. Ìṣirò tí ìgbìmọ̀ ìgbéyàwó ń ṣe, pé bí AS bá fẹ́ AS, ìdá kan nínú mẹ́rin ni ewu SS nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìṣirò Gregor Mendel ni. Mọ́ńkì ìjọ Kátólíìkì ni Mendel. Nínú ọgbà ilé àwọn mọ́ńkì ní Brno, ní orílẹ̀-èdè tí a ń pè ní Czech lónìí, ni ó ti gbin ẹ̀wà pea láti 1856 títí di 1863, tí ó yẹ nǹkan bí 28,000 irúgbìn wò lọ́kọ̀ọ̀kan, tí ó sì rí i pé ohun tí ó fara sin lára òbí méjèèjì a máa yọ jáde lára nǹkan bí ọ̀kan nínú ọmọ mẹ́rin. Ó tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1866, wọn kò kà á sí. Ó kú ní 1884, ó sì di 1900 kí ayé tó mọ ohun tí ó ṣe. (Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un, nítorí mo máa ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tọkọtaya: ìdá kan nínú mẹ́rin kò túmọ̀ sí pé bí a bá ti bí SS kan, àwọn mẹ́ta yòókù ti bọ́. Oyún kọ̀ọ̀kan ni ó ń bẹ̀rẹ̀ ìṣirò tirẹ̀ lákọ̀tun.)

Ẹ tún wo Ẹdẹ. Ní Redeemer’s, yunifásítì tí ìjọ dá sílẹ̀, ni wọ́n dá ibùdó ìwádìí àrùn àkóràn tí wọ́n ń pè ní ACEGID nígbà náà sílẹ̀ sí, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Christian Happi sì jẹ́ olùdarí rẹ̀. Nígbà tí Ebola wọ Èkó ní oṣù Keje ọdún 2014, àwọn ènìyàn ibùdó náà wà lára àwọn tí ó yẹ ẹ̀jẹ̀ wò tí wọ́n sì fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé òun ni. Nígbà tí kòrónà dé ní 2020, ibẹ̀ ni wọ́n ti ka àkọsílẹ̀ fáírọ́ọ̀sì náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, nǹkan bí 30,000 lẹ́tà, tí ó jẹ́ àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní ilẹ̀ Áfíríkà. Ohun tí wọ́n ń wá nínú àwọn lẹ́tà wọ̀nyí ni ibi tí ọ̀kan ti yí padà bí fáírọ́ọ̀sì ti ń bí sí i, kí wọ́n lè mọ èyí tí ó bí èyí, kí wọ́n sì mọ ọ̀nà tí àrùn náà gbà wọlé tọ̀ wá. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó gbàgbé ẹ̀kọ́ yìí lẹ́nu ọ̀nà kò lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ láéláé, iṣẹ́ náà sì ti gba ẹ̀mí là ní ìlú wa.

Mo mọ̀ pé àwọn olùkọ́ àti pásítọ̀ wà tí wọ́n gbà tọkàntọkàn pé ọjọ́ mẹ́fà oníwákàtí 24 ni Ọlọ́run fi dá ayé. Bàbá mi wà lára wọn, n kò sì jẹ́ fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ̀bẹ̀ mi sí olùkọ́ tí ó bá gbà bẹ́ẹ̀ ni pé kí ó dúró níwájú kíláàsì, kí ó sọ pé òun kò gbà á, kí ó sọ ìdí rẹ̀, lẹ́yìn náà kí ó kọ́ ẹ̀kọ́ náà tán bí ó ti yẹ, ohun tí àwọn onímọ̀ rí àti ọ̀nà tí wọ́n gbà rí i, kí akẹ́kọ̀ọ́ lè mọ ohun tí òun ń gbà àti ohun tí òun ń kọ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun nínú ìjọ. Augustine, bíṣọ́ọ̀bù ọmọ Áfíríkà tí wọ́n bí ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Àljíríà lónìí, kọ ọ́ ní nǹkan bí 1,600 ọdún sẹ́yìn nígbà tí ó ń ṣàlàyé Jẹ́nẹ́sísì. Ó ní ìtìjú ni kí Kristẹni máa sọ ìsọkúsọ nípa ìràwọ̀ àti ẹranko ní orúkọ Ìwé Mímọ́ níwájú àwọn tí ó mọ̀ ọ́n, nítorí báwo ni wọn yóò ṣe gbà wá gbọ́ nígbà tí a bá ń sọ fún wọn nípa àjíǹde òkú? Póòpù John Paul Kejì náà sọ fún àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní 1996 pé ẹ̀kọ́ ẹfolúṣọ̀n ti kọjá àbá lásán. Ẹni tí kì í ṣe Kátólíìkì kò ní láti gba ọ̀rọ̀ Póòpù, ṣùgbọ́n kí a má sọ fún ọmọ ọdún 18 pé kò sí onígbàgbọ́ kankan tí ó ti rò ó rí.

N kò bẹ̀bẹ̀ pé kí a dín chápẹ́lì kù. Àwọn òwúrọ̀ kùtùkùtù wọ̀nyẹn, tí a ń kọ orin nígbà tí ìrì ṣì wà lórí koríko, wà lára ohun tí ó gbé mi ró. Ohun tí mo ń béèrè ni pé kí àlùfáà ilé-ẹ̀kọ́ máa wá sí láàbù, kí olùkọ́ báyọ́lọ́jì náà sì máa wá jókòó tì í ní chápẹ́lì, kí àwọn méjèèjì wà nínú yàrá kan náà lẹ́ẹ̀kan ó kéré tán ní sáà kọ̀ọ̀kan, kí àwọn ọmọ sì béèrè ohun tí ń jẹ wọ́n lọ́kàn sókè ketekete, láìsí pé ẹnikẹ́ni yóò kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Mo sọ èyí nítorí ọ̀rẹ́ mi kan, ẹni tí ó béèrè nípa egungun àwọn ẹranko àtijọ́ tí ó ti di òkúta, nínú fẹlóṣíìpù. Wọ́n pè é síwájú, wọ́n gbé ọwọ́ lé e lórí láti lé ẹ̀mí iyèméjì jáde. Lẹ́yìn ìyẹn, ó ń wá sí chápẹ́lì nítorí pé wọ́n ń pe orúkọ, ṣùgbọ́n kò bi ẹnikẹ́ni ní ohunkóhun mọ́. Lónìí, kò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kankan, bẹ́ẹ̀ òun ni ó mọ Bíbélì jù lọ nínú wa.

Ní ọjọ́rú, kí ẹ̀kọ́ Bíbélì tó bẹ̀rẹ̀, mo lọ sí ilé ìyá tí ó bi mí ní ìbéèrè, mo sì sọ gbogbo ohun tí mo kọ yìí fún un, títí kan ti àbúrò mi. Ọmọ náà jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ìyá rẹ̀, ó ń gbọ́. Ìyá náà dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá bi mí pé, “Bàbá tí ẹ ń sọ yìí, ṣé wọ́n ṣì wà ní irú ibẹ̀?” Mo ní wọ́n ti fẹ̀yìn tì. Ó ní, “Ta ni yóò wá wà níbẹ̀ fún ọmọ tèmi?”

N kò lè dá a lóhùn. Ẹ̀yin alákòóso yunifásítì ìjọ, ẹ̀yin àlùfáà àti ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ wà níbẹ̀ ni mo gbé ìbéèrè náà wá bá nínú ìwé ìròyìn yìí, nítorí inú oṣù díẹ̀ sí i ni ọmọ náà yóò di ẹrù rẹ̀.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Olùkọ́ báyọ́lọ́jì àti olùkọ́ Ilé-Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi,
Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.